Kí Ojú Ọ̀nà Omi Má Baà Dí: Oògùn Tó Ń Dènà Àpá Nínú Iṣẹ́ Abẹ Glaucoma

Gbogbo wa la mọ bí egbò ṣe ń jinná. Bí ọ̀bẹ bá gé èèyàn lọ́wọ́, láàárín ọjọ́ mélòó kan ẹran á pàdé, ojú egbò á dí, àpá á sì kù síbẹ̀. A máa ń dúpẹ́ pé ó jinná. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ abẹ kan wà tó jẹ́ pé bí egbò rẹ̀ bá fi jinná tán pátápátá, iṣẹ́ ti bàjẹ́ nìyẹn. Òun ni iṣẹ́ abẹ tí àwọn dókítà ojú ń ṣe fún ẹni tó ní glaucoma.

Omi kan wà nínú ẹyinjú lápá iwájú. Kì í ṣe omijé o. Omijé ń ṣàn lóde ojú, ṣùgbọ́n inú lọ́hùn-ún ni eléyìí wà. Ojú ń pèsè rẹ̀ tọ̀sán-tòru, ó sì ń gba àwọn ihò tíntìntín jáde lọ sínú ẹ̀jẹ̀. Ẹ ro ti balùwẹ̀ tí omi ń ṣàn nínú rẹ̀, tí gọ́tà rẹ̀ sì ti dí: tuntun ń wọlé, ti tẹ́lẹ̀ kò rí ọ̀nà jáde. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe ń rí nínú ojú ọ̀pọ̀ ẹni tó ní glaucoma. Agbára omi náà á máa tẹ iṣan tó ń gbé ohun tí ojú rí lọ sí ọpọlọ, iṣan náà á sì máa kú díẹ̀díẹ̀. Kì í sábà dunni. Ẹ̀gbẹ́ ni ìríran ti ń kọ́kọ́ lọ, ẹni náà sì lè má fura fún ọ̀pọ̀ ọdún. Èyí tó bá ti lọ kì í padà.

Ọ̀rọ̀ yìí kàn wá gbọ̀ngbọ̀n. Nígbà tí wọ́n ṣe ìwádìí káàkiri Nàìjíríà láàárín 2005 sí 2007, wọ́n rí i pé nínú ọgọ́rùn-ún àwọn afọ́jú tó ti tó ẹni ogójì ọdún, nǹkan bíi mẹ́tàdínlógún ló jẹ́ pé glaucoma ló fọ́ wọn lójú. Kátárákítì nìkan ló ṣe jù ú lọ. Iṣẹ́ abẹ kátárákítì lè dá ìríran padà. Ti glaucoma kò lè ṣe bẹ́ẹ̀. Ìwọ̀nba tó ṣẹ́ kù ló ń dáàbò bò. Ó yẹ kí gbogbo ìdílé mọ ìyàtọ̀ yìí kí wọ́n tó wọ yàrá iṣẹ́ abẹ, nítorí ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń sọ pé dókítà tàn wọ́n jẹ nígbà tí wọn kò rí ju bí wọ́n ṣe ń rí tẹ́lẹ̀ lọ.

Oògùn tí à ń kán sójú ni wọ́n sábà máa ń fún aláìsàn lákọ̀ọ́kọ́. Bí kò bá tó, iṣẹ́ abẹ kàn. Ní ọdún 1968, dókítà kan tó ń jẹ́ John Cairns, ní ìlú Cambridge ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ṣàlàyé irú èyí tí wọ́n ṣì ń ṣe jù lọ títí dòní. Wọ́n ń pè é ní trabeculectomy. Dókítà á ṣí awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó bo funfun ojú lókè. Á gé ìdérí pẹlẹbẹ kan sára funfun náà, á sì lu ihò kékeré sábẹ́ ìdérí yìí. Lẹ́yìn náà, á fi òwú tín-ín-rín rán gbogbo rẹ̀ padà. Omi inú ojú á wá máa gba ihò yẹn jáde sábẹ́ awọ, ibẹ̀ á wú díẹ̀, ara á sì máa fa omi náà mu. Ìpéǹpéjú òkè ló ń bò ó. Ẹlòmíràn kò ní rí i.

Ṣùgbọ́n ara kò mọ̀ pé ìwòsàn ni wọ́n fi ihò náà ṣe. Egbò lòun rí. Láti ọjọ́ àkọ́kọ́ ni àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ń ṣe àtúnṣe ara á ti rọ́ dé, wọ́n á máa pọ̀ sí i, wọ́n á sì máa hun àpá. Bí àpá bá lẹ awọ mọ́ funfun ojú, omi kò ní rí ọ̀nà gbà mọ́, agbára inú ojú á sì tún ga. Àwa èèyàn dúdú ni àpá yìí máa ń yọ lẹ́nu jù. Ó tún máa ń le lára ọmọdé àti ọ̀dọ́, lára ẹni tí wọ́n ti ṣe iṣẹ́ abẹ ojú fún rí, àti lára ẹni tó ti ń kán oògùn sójú fún ìgbà pípẹ́.

Nítorí náà ni wọ́n ṣe ń lo oògùn tó ń dá àwọn sẹ́ẹ̀lì yẹn dúró. Méjì ló gbajúmọ̀: 5-FU àti mitomycin. Oògùn jẹjẹrẹ ni àwọn méjèèjì láti ìbẹ̀rẹ̀. Inú kòkòrò àìfojúrí kan tó ń gbé inú ilẹ̀ ni wọ́n ti rí mitomycin ní Japan, ní àwọn ọdún 1950. Bí ẹ bá gbọ́ pé oògùn jẹjẹrẹ ni wọ́n fẹ́ lò sí yín lójú, ẹ má jẹ́ kí àyà yín já. Kò túmọ̀ sí pé ẹ ní jẹjẹrẹ. Ìwọ̀nba kín-ún ni, ibi iṣẹ́ abẹ nìkan ni wọ́n sì ń lò ó sí.

Iṣẹ́ ńlá tó wà níbẹ̀ ni bí oògùn á ṣe dé ibi tí wọ́n fẹ́ nìkan, ní ìwọ̀n tó yẹ, fún àkókò tó yẹ. Ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ní àwọn ọdún 1980, abẹ́rẹ́ ni wọ́n ń lò. Nínú ìwádìí ńlá tí wọ́n fi dán 5-FU wò, ìlànà wọn ni láti gún aláìsàn lábẹ́rẹ́ lábẹ́ awọ ojú lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́ fún ọjọ́ méje, kí wọ́n sì tún gún un lẹ́ẹ̀kan lójúmọ́ fún ọjọ́ méje sí i. Abẹ́rẹ́ mọ́kànlélógún nínú ojú kan! Ó ṣiṣẹ́ o, àmọ́ oògùn náà ń tú sí iwájú ojú, ó sì ń bó ara awọ tó mọ́ gaara bíi dígí níwájú ẹyinjú. Lónìí, ìgbà tí dókítà bá rí i pé àpá fẹ́ máa mú ló ń fúnni ní irú abẹ́rẹ́ yìí, nígbà mìíràn kí ó tún fi orí abẹ́rẹ́ já àpá náà níbi tó ti lẹ̀.

Mitomycin lágbára ju 5-FU lọ. Dókítà kan ní Taiwan tó ń jẹ́ Chen ló kọ nípa lílò rẹ̀ fún glaucoma ní 1983. Ti eléyìí, ẹ̀ẹ̀kan péré ni, nígbà tí iṣẹ́ abẹ ń lọ lọ́wọ́. Wọ́n á rẹ ègé kànìnkànìn kéékèèké sínú oògùn náà, wọ́n á tẹ́ wọn sábẹ́ awọ fún ìṣẹ́jú mélòó kan, wọ́n á kó wọn kúrò, wọ́n á sì fi omi ṣan ibẹ̀ dáadáa kí wọ́n tó lu ihò, kí oògùn má baà wọ inú ẹyinjú. Àwọn dókítà kan kì í lo kànìnkànìn mọ́; wọ́n ń fi abẹ́rẹ́ ti ìwọ̀n tí wọ́n mọ̀ sábẹ́ awọ ní ìbẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, nítorí kò sí bí èèyàn ṣe lè mọ iye oògùn tí kànìnkànìn tú sílẹ̀ gan-an.

Àṣejù sì ni baba àṣetẹ́. Bí oògùn bá pọ̀ jù, awọ ibẹ̀ á tín-ín-rín, omi lè máa jò, agbára inú ojú lè lọ sílẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ, kòkòrò àrùn sì lè gba ibẹ̀ wọlé, kódà lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún. Peng Tee Khaw àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní ọsibítù ojú Moorfields ní London kọ́ àwọn dókítà pé kí wọ́n tẹ́ kànìnkànìn náà gbòòrò, kí wọ́n má kó o jọ sójú kan. Bí oògùn bá tàn ká ibi tó fẹ̀, ibi tó wú náà á tẹ́jú, awọ rẹ̀ kò sì ní tín-ín-rín tó bẹ́ẹ̀. Oògùn kan náà ni. Ibi tí wọ́n tẹ́ ẹ dé ló yàtọ̀.

Ọ̀nà mìíràn tún wà tí mo rò pé ó yẹ kí á mọ̀ sí i nílẹ̀ Áfíríkà. Ní Gúúsù Áfíríkà, wọ́n lo ìtànṣán bétà dípò oògùn: wọ́n á fi irinṣẹ́ kékeré kan ba ojú iṣẹ́ abẹ fún ìgbà díẹ̀, ó parí. Àwọn èèyàn dúdú ni wọ́n dán an wò lára, àbájáde rẹ̀ sì jáde ní 2006. Lẹ́yìn ọdún kan, iṣẹ́ abẹ bàjẹ́ lára nǹkan bí ọgbọ̀n nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tí kò gba ìtànṣán, ṣùgbọ́n lára márùn-ún péré nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tó gbà á. Àléébù rẹ̀ ni pé kátárákítì pọ̀ sí i lára àwọn tó gbà á.

Àwọn onímọ̀ ṣì ń wá oògùn tí wọ́n lè fi sínú ohun rírọ̀ kan sábẹ́ awọ, tí á máa yọ́ jáde díẹ̀díẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀, nítorí ọ̀sẹ̀ púpọ̀ ni ara fi ń hun àpá. Inú yàrá ìwádìí àti ojú ehoro ni ọ̀pọ̀ nínú rẹ̀ ṣì wà.

Oògùn inú yàrá iṣẹ́ abẹ nìkan kò tó. Ẹ óò máa kán oògùn tó ń dín wíwú kù sójú lemọ́lemọ́ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, wọ́n á sì máa dín in kù díẹ̀díẹ̀. Ẹ má dá a dúró fúnra yín nítorí pé ojú ti balẹ̀. Ẹ má fi ọwọ́ ra ojú, ẹ má sì kán àgbo, omi ọmú tàbí ìtọ̀ sí i. Ẹ padà sí kílíníìkì ní gbogbo ọjọ́ tí wọ́n bá dá fún yín, pàápàá láàárín oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́, nítorí ìgbà yẹn ni dókítà ṣì lè rí àpá tó ń bọ̀ kó sì dá a dúró. Bí ojú tí wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún bá sì pọ́n, tó ń dun yín, tó ń ṣepin, tàbí tó ṣú lójijì, ì báà jẹ́ ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, ẹ má dúró di ọ̀la: ẹ lọ sí ọsibítù lọ́jọ́ náà gan-an.