Orúkọ Ẹni Tó Ṣiṣẹ́: Bí Ẹgbẹ́ Akẹ́kọ̀ọ́ Synthetic Biology Ṣe Ń Kọ Àkọsílẹ̀ Olùkópa

Àkọsílẹ̀ olùkópa ni apá ìròyìn iṣẹ́ níbi tí ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ ti ń sọ ẹni tó ṣe ohun kọ̀ọ̀kan, ẹni tó kọ́ wọn, ẹni tó yá wọn ní ẹ̀rọ àti ẹni tó fún wọn lówó. Nínú synthetic biology, ìyẹn ẹ̀ka báyọ́lọ́jì tí wọ́n ti ń tún DNA ohun abẹ̀mí tò kí ó lè ṣe iṣẹ́ tí kò ṣe rí, àkọsílẹ̀ yìí ju ọ̀rọ̀ ìdúpẹ́ lọ. iGEM, ìdíje àgbáyé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ṣẹ̀ láti ara ẹ̀kọ́ kan ní MIT ní 2003, tó sì di ìdíje láàárín ilé-ìwé márùn-ún ní 2004, kì í fún ẹgbẹ́ kankan ní àmì ẹ̀yẹ góòlù, fàdákà tàbí idẹ bí ẹgbẹ́ náà kò bá ya iṣẹ́ ọwọ́ akẹ́kọ̀ọ́ sọ́tọ̀ kúrò lára iṣẹ́ ọwọ́ àwọn tó ràn wọ́n lọ́wọ́. Adájọ́ tó ń wo bakitéríà tó ń tàn fẹ́ mọ̀ bóyá akẹ́kọ̀ọ́ ló so jíìnì náà pọ̀, tàbí ilé-iṣẹ́ kan ló ṣe é tán tó fi ránṣẹ́. Kò sí ìtìjú nínú èyíkéyìí nínú ìdáhùn méjèèjì. Irọ́ nìkan ni ìtìjú wà nínú rẹ̀.

Ọjọ́ tí ẹgbẹ́ kọ́kọ́ jókòó ni iṣẹ́ àkọsílẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Ẹgbẹ́ tó bá dúró di ọ̀sẹ̀ tí wọ́n fẹ́ fi ìròyìn ránṣẹ́ kí wọ́n tó máa béèrè pé ta ló ṣe kí ni, ohùn ẹni tí ẹnu rẹ̀ mú jù ni wọn yóò gbọ́, ẹni jẹ́jẹ́ tó ń dá ṣiṣẹ́ ní láàbù títí di òru yóò sì pàdánù. Ìwé iṣẹ́ láàbù ni oògùn rẹ̀: déètì, orúkọ ẹni tó ṣiṣẹ́, ohun tó ṣe, ẹni tó dúró tì í, ohun tí wọ́n yá àti ibi tí wọ́n ti yá a. Ìtò CRediT, tó di ìlànà àjọ NISO ní Amẹ́ríkà ní 2022, pín ìkópa sí ọ̀nà 14, láti orí ẹni tó gbé èrò kalẹ̀ dé orí ẹni tó wá owó, ẹni tó kọ sọ́fítíwià, ẹni tó ya àwòrán àti ẹni tó tún ìwé ṣe. Ìtò náà wúlò, ṣùgbọ́n kò mọ iná tó ń lọ tó ń bọ̀. Ní láàbù Nàìjíríà, ẹni tó dìde lóru lọ tan jẹnẹrétọ̀ kí ẹ́ńsáìmù inú fíríìjì má bàa bàjẹ́ ti gba iṣẹ́ oṣù mẹ́ta là. Ó yẹ kí ẹgbẹ́ fi ìlà kan tirẹ̀ kún ìtò náà.

Ìbéèrè tó le jù ni ti ẹni tí wọ́n máa pè ní olùkọ̀wé àti ẹni tí wọ́n máa dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ìgbìmọ̀ àwọn olóòtú ìwé ìròyìn ìṣègùn lágbàáyé, ICMJE, fi ohun mẹ́rin lélẹ̀: kí ẹni náà ti kópa tó jọjú nínú iṣẹ́, kí ó ti bá wọn kọ ìwé náà tàbí tún un ṣe, kí ó ti fọwọ́ sí i kó tó jáde, kí ó sì gbà láti dáhùn bí wọ́n bá bi í nípa rẹ̀. Ẹni tí gbogbo mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kò bá pé sí lára, inú ìwé ọpẹ́ ni ipò rẹ̀ wà. Ibí yìí ni ìlànà àti àṣà ti ń ko ara wọn lójú. Ní òde ìnáwó, orúkọ ọba ni wọ́n kọ́kọ́ ń pè, kí wọ́n tó kan ìjòyè, kí wọ́n tó wá kan ọmọdé tó gbé àga. Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ ṣe ń to orúkọ: olórí ẹ̀ka tí kò wọ láàbù náà rí lókè pátápátá, ọmọ tó ṣe ìdá mẹ́ta iṣẹ́ nínú mẹ́rin nísàlẹ̀. Àìtọ́ ni, kódà bó bá jẹ́ pé ìfẹ́ àti ọ̀wọ̀ ló mú un wá, nítorí ẹni tí orúkọ rẹ̀ wà lókè ni wọn yóò bi léèrè lọ́jọ́ tí àbájáde iṣẹ́ bá rúni lójú.

Kò sì tọ́ kí ọmọdé fi ìlànà gbá àgbà létí. Ohun tó dára ni kí aṣojú ẹgbẹ́ tètè lọ bá ọ̀gá náà, kí ó kí i bó ti yẹ, kí ó mú ìwé ìlànà dání, kí ó sì béèrè pé, “Ẹ jọ̀ọ́ sà, kí ni ẹ fẹ́ kí a kọ pé ẹ bá wa ṣe?” Ìbéèrè yìí fún àgbà láyè láti sọ ipa tirẹ̀ fúnra rẹ̀. Púpọ̀ nínú wọn yóò sọ òtítọ́: pé àwọn fún wọn ní yàrá, pé àwọn kọ lẹ́tà sí ilé-iṣẹ́, pé àwọn tún ètò wọn ṣe lẹ́ẹ̀kan. Kí wọ́n kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́. Gbólóhùn kan tó sọ ohun tí àgbà ṣe níyì ju ipò àkọ́kọ́ tí kò ṣiṣẹ́ fún lọ.

Ìtàn GFP, prótíìnì tó ń tan àwọ̀ ewé, jẹ́ ẹ̀kọ́ tí ó yẹ kí gbogbo ẹgbẹ́ mọ̀, nítorí kò sí bí wọn kò ṣe ní lò ó lọ́jọ́ kan. Douglas Prasher ló yọ jíìnì rẹ̀ láti ara jellyfish tó sì kọ ìwé lé e lórí ní 1992. Nígbà tí owó ìwádìí rẹ̀ tán, ó fi jíìnì náà ránṣẹ́ sí Martin Chalfie àti Roger Tsien. Ní láàbù Chalfie, akẹ́kọ̀ọ́ kan, Ghia Euskirchen, ló kọ́kọ́ fi í mú bakitéríà tàn. Nígbà tí ìwé Chalfie jáde nínú ìwé ìròyìn Science ní 1994, orúkọ Euskirchen àti ti Prasher wà lára àwọn tó kọ ọ́. Ẹ̀bùn Nobel ti kẹ́mísírì bọ́ sọ́wọ́ onímọ̀ sáyẹ́ǹsì mẹ́ta, Shimomura, Chalfie àti Tsien, ní 2008, nígbà tí Prasher ń wa ọkọ̀ fún ilé-iṣẹ́ tó ń ta mọ́tò ní ìpínlẹ̀ Alabama. Chalfie àti Tsien dárúkọ rẹ̀ ní gbangba, wọ́n sì pè é lọ síbi ayẹyẹ náà ní Stockholm. Ẹ̀bùn náà kò lè ju ẹni mẹ́ta lọ. Àkọsílẹ̀ kò ní irú ààlà bẹ́ẹ̀, nítorí náà ẹgbẹ́ tó bá ní òun kò ráyè kọ orúkọ ẹnìkan kò rí àwáwí.

Èyí tó tún wọni lára jù bẹ́ẹ̀ lọ ni ti Kenema ní Sierra Leone, níbi tí wàádì ibà Lassa wà ní ilé-ìwòsàn ìjọba. Ní oṣù kẹjọ 2014, Science gbé ìwé kan jáde nípa RNA kòkòrò Ebola tí wọ́n rí lára àwọn tó mú níbẹ̀ àti bí kòkòrò náà ṣe ń yí padà. Àwọn tó kọ ọ́ ju àádọ́ta lọ, Ebola sì ti pa márùn-ún nínú wọn kó tó jáde: Dókítà Sheik Humarr Khan, Mohamed Fullah, àti àwọn nọ́ọ̀sì àti òṣìṣẹ́ wàádì, Mbalu Fonnie, Alex Moigboi àti Alice Kovoma. Àwọn tó kọ ìwé náà lè sọ gbogbo wọn di “òṣìṣẹ́ ilé-ìwòsàn” nínú ìlà kan péré. Wọn kò ṣe bẹ́ẹ̀. Orúkọ nọ́ọ̀sì àti ti ọ̀jọ̀gbọ́n Harvard wà lórí ìwé kan náà, bó sì ṣe yẹ kó rí nìyẹn.

Ọ̀rọ̀ Lassa kò jìnnà sí ilé. Ifọ́n, olú ìlú ìjọba ìbílẹ̀ Ọ̀sẹ̀, lójú ọ̀nà tó ti Ọ̀wọ̀ lọ sí Benin, wà ní agbègbè tí ibà náà ti ń ṣọṣẹ́ jù ní Ìpínlẹ̀ Òǹdó. Eku Mastomys natalensis ló ń gbé e, tó ń tọ̀ tó sì ń yàgbẹ́ sórí oúnjẹ nínú ilé àti lórí gàrí tí wọ́n sá sẹ́bàá ọ̀nà. Ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ láti Ọ̀wọ̀, Àkúrẹ́ tàbí Àkùngbá tó bá fẹ́ ṣe ohun èlò àyẹ̀wò olówó pọ́ọ́kú fún Lassa kò ní fọwọ́ kan kòkòrò náà fúnra rẹ̀ láéláé. Ègé DNA tí kò lè fa àrùn, tí wọ́n kọ lẹ́tà fún ilé-iṣẹ́ láti ṣe, ni wọn yóò lò. Síbẹ̀ wọn yóò nílò ìmọ̀ àwọn ará ìlú: ìyá tó ń yan gàrí, ọdẹ tó mọ ibi tí eku ń sá sí nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, òṣìṣẹ́ ìlera tó ń rìn láti Ifọ́n lọ sí Ùtè àti Òkèlúsẹ̀, àwọn ìjòyè tó ṣílẹ̀kùn fún wọn. Àwọn wọ̀nyí kì í ṣe “ará abúlé tí a bá sọ̀rọ̀”. Olùkọ́ni ni wọ́n, ẹni tó bá sì yọ̀ǹda kí wọ́n dárúkọ òun, kí wọ́n dárúkọ rẹ̀ pẹ̀lú oyè rẹ̀ àti ohun tó kọ́ wọn.

Àwọn kan wà tí wọn kò gbọ́dọ̀ dárúkọ. Ní Federal Medical Centre, Ọ̀wọ̀, ìwádìí LASCOPE tẹ̀lé àwọn tí ibà Lassa mú láàárín 2018 sí 2020. Nínú 534 tí àyẹ̀wò fìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé wọ́n ní i, 510 ló gbà kí wọ́n fi àwọn ṣe ìwádìí. Orí ìyọ̀ǹda wọn ni gbogbo ìwé náà dúró lé, síbẹ̀ orúkọ wọn kò sí níbẹ̀, kò sì gbọ́dọ̀ sí níbẹ̀. Àwọn aráàlú ṣì ń sá fún ẹni tó bọ́ lọ́wọ́ Lassa, etí àwọn mìíràn tó bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ kò sì gbọ́ràn dáadáa mọ́. Ìṣọ́ra tí àwọn ọ̀dọ́ máa ń gbàgbé ni pé ní ìlú bí Ifọ́n, àpèjúwe pàápàá, orúkọ ni. Bí wọ́n bá kọ ọ́ pé “opó kan tó ń ta gàrí lẹ́bàá gáréèjì”, gbogbo àdúgbò ti mọ̀ ọ́n. Irú àwọn ẹni bẹ́ẹ̀, àpapọ̀ ni wọ́n ń kí: àwọn aláìsàn, àwọn ẹbí wọn, ìlú tó gbà wọ́n.

Lórí owó àti ohun èlò, ọ̀rọ̀ kò gùn. Kí wọ́n sọ ẹni tó fún wọn, iye tàbí irú ohun tó fún wọn, àti bóyá ó ní ọ̀rọ̀ sọ nínú bí iṣẹ́ ṣe lọ. Ègé DNA tí ẹgbẹ́ mìíràn ti ṣe, nọ́mbà rẹ̀ àti orúkọ ẹgbẹ́ náà ni kí wọ́n kọ. Ẹ̀rọ tó ń kọ ọ̀rọ̀ fúnra rẹ̀ kò lè jẹ́ olùkọ̀wé, nítorí kò lè dáhùn fún ohun tó sọ. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá lò ó, kí wọ́n sọ ibi tí wọ́n ti lò ó.

Ọmọ ẹgbẹ́ tó kúrò láàárín ọdún, bóyá SIWES, ètò tí akẹ́kọ̀ọ́ fi ń lọ kọ́ṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́, ló pè é tàbí ìyanṣẹ́lódì ló gbé e padà sílé, iṣẹ́ tó ti ṣe kò bá a lọ. Déètì tó wọlé àti èyí tó jáde ni wọn yóò kọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ rẹ̀. Kí wọ́n tó fi ìròyìn ránṣẹ́, kí ẹnìkọ̀ọ̀kan ka ìlà tirẹ̀ àti ti àwọn yòókù, kí ó sì fọwọ́ sí i. Níbẹ̀ ni wọn yóò ti tún àmì ohùn orúkọ ṣe, tí wọn yóò mọ orúkọ tí obìnrin tó ti lọ́kọ ń jẹ́ nínú ìwé, tí ẹni tí inú rẹ̀ kò dùn yóò sọ ọ́ jáde nígbà tí àtúnṣe ṣì rọrùn. Bí àríyànjiyàn bá dé, ìwé iṣẹ́ láàbù ni wọn yóò ṣí, olùtọ́sọ́nà tí kò sí nínú ìjà náà ni yóò sì kà á sókè fún gbogbo wọn. Bí wọ́n bá rí àṣìṣe lẹ́yìn tí ìròyìn ti jáde, kí wọ́n kọ̀wé sí àwọn tó gbà á, kí wọ́n tún un ṣe ní gbangba pẹ̀lú déètì, kí wọ́n sì fi ẹ̀dà rẹ̀ ránṣẹ́ sí ẹni tí wọ́n gbàgbé.