Ọtí, Ìwé Ìwakọ̀ àti Owó Ẹ̀yáwó

Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ wa tí ẹ ń fi ọkọ̀ kó ọjà ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tiyín là ń sọ lóṣù yìí. Ọ̀pọ̀ wa rò pé bí ọlọ́pàá bá mú ẹni tó mutí wakọ̀, ó lè bẹ adájọ́ pé, "Olúwa mi, ọkọ̀ yìí ni mo fi ń jẹun." Ẹ̀bẹ̀ yẹn kò ràn án o! Lábẹ́ òfin 1988, bí wọ́n bá dá a lẹ́bi, wọn óò gba ìwé ìwakọ̀ rẹ̀ fún oṣù 12, ó kéré tán, àfi bí ìdí pàtàkì bá wà, bíi kí ẹlòmíràn da ọtí sínú ohun mímu rẹ̀ láìjẹ́ kó mọ̀. Bó bá tún ṣe é láàárín ọdún 10, ó di ọdún 3. Owó ìtanràn ń bẹ lọ́tọ̀, ẹ̀wọ̀n oṣù 6 sì lè tẹ̀ lé e. Ọdún 11 ni àkọsílẹ̀ náà yóò fi wà lórí ìwé rẹ̀. Ẹ fojú inú wo iye tí ìnṣọ́ránsì yóò máa gbà.

Kóòtù lè fi ẹ̀kọ́ kan lọ̀ ọ́; bó bá parí rẹ̀, oṣù 12 lè di 9. Ṣùgbọ́n owó ẹ̀yáwó tó fi ra ọkọ̀ kò ní dúró dè é. Bó bá ṣẹlẹ̀ sí yín, ẹ tètè sọ fún akọ̀wé, ká jọ wá awakọ̀ mìíràn.