Ta Ló Jẹ Owó Káàdì Mi?

Àbúrò mi, jókòó ná. Mo mọ̀ pé inú ń bí ọ. O ra káàdì 500 náírà lálẹ́ àná, o ò pe ẹnikẹ́ni, ilẹ̀ mọ́, o wo fóònù, ó ku 380. "Olè ni wọ́n!" ló kọ́kọ́ jáde lẹ́nu rẹ. Ó lè rí bẹ́ẹ̀ lóòótọ́, n ò ní bá ọ jiyàn. Ṣùgbọ́n bí o bá pe kọ́sítọ́mà kíà, tí gbogbo ohun tí o ní láti sọ kò ju "ẹ ti jẹ owó mi" lọ, wọ́n á bẹ̀ ọ́ dáadáa, wọ́n á sì gbé fóònù sílẹ̀. Mọ ohun tó lọ, mọ ìgbà tó lọ, mọ ẹni tó mú un. Ibẹ̀ ni agbára wa wà, àwa tí a kò lówó lọ́yà.

Má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ọ́ ṣẹ̀sín pé 120 náírà lò ń jà sí. Àwọn tó ń sọ bẹ́ẹ̀ kì í ra dátà ọlọ́jọ́ kan. Bí wọ́n bá ń yọ 50 náírà lójoojúmọ́, 1,500 ti lọ kí oṣù tó parí. Láti Oṣù Kìíní ọdún 2025 tí NCC, àjọ ìjọba tó ń mójú tó ọ̀rọ̀ fóònù, ti gbà kí àwọn ilé iṣẹ́ fi owó lé owó, tó fi dé ìdá 50 nínú 100, ta ló tún ní èyí tó máa fi ta wọ́n lọ́rẹ?

Kí o tó sùn lálẹ́ òní, tẹ *310# kí o rí iye káàdì tó kù, kí o tẹ *323# kí o rí ti dátà. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì yòówù kí o máa lò, nọ́ńbà kan náà ni. Ya àwòrán ojú fóònù náà pa mọ́. Bí ilẹ̀ bá mọ́, tún un tẹ̀. Bí owó bá ti dín, lọ sínú àtẹ̀jíṣẹ́, kí o ka àwọn tí o máa ń pa rẹ́ láì kà.

Obìnrin tó ń dirun fún mi ni mo gba fóònù rẹ̀ wò lọ́jọ́ kan, torí ó ń ráhùn pé káàdì òun kì í pẹ́. Ẹ wo nǹkan! Ó ń sanwó fún orin tó ń dún sétí ẹni tó bá pè é, ó ń sanwó fún àdúrà àárọ̀, ó sì ń sanwó fún èsì bọ́ọ̀lù ilẹ̀ Òyìnbó, òun tí kò mọ ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù kan ṣoṣo. Ọmọ rẹ̀ ló ń gbá géèmù lórí fóònù, tí nǹkan bá ti yọ lójú rẹ̀, á tẹ "OK" kí ó lè kúrò níbẹ̀. Bí irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ bá ti wọlé, òun fúnra rẹ̀ ló ń tún ara rẹ̀ rà, lóru lọ́pọ̀ ìgbà. A tẹ *305#, a rí wọn, a sì gé wọn kúrò. Lẹ́yìn náà, a kọ STOP ránṣẹ́ sí 2442, kí àwọn ìpolówó yé wọlé. Má pa méjèèjì pọ̀ o: 2442 ń dí ọ̀nà mọ́ àwọn tó ń bọ̀, àmọ́ *305# ló ń lé àwọn tó ti wọlé jáde.

Kì í ṣe gbogbo ẹ̀ náà ni nẹ́tíwọ́ọ̀kì jẹ. Láti Oṣù Kẹfà ọdún 2025, owó tí à ń san bí a bá fi kóòdù báńkì wo owó tàbí tí a fi ránṣẹ́ ti kúrò nínú àpò báńkì wa, orí káàdì ni wọ́n ti ń yọ ọ́ báyìí: náírà 6 àti kọ́bọ̀ 98 fún ìṣẹ́jú méjì méjì. Ẹni tó ń ṣòwò, tó ń yẹ̀ ẹ́ wò ní gbogbo ìgbà tí oníbàárà bá ní "mo ti fi ránṣẹ́," á ti ná ogójì náírà kí ó tó di ọ̀sán. Ìyẹn ò ṣeé gbà padà. Bákan náà ni káàdì tí o yá ní *303#: wọ́n ti yọ èlé tiwọn, wọ́n á sì mú gbèsè náà bí o bá ti rọ káàdì tuntun.

Ti dátà lágbára díẹ̀. Bí dátà rẹ bá tán tí o ò pa á, fóònù lè máa bá a lọ láti fi owó káàdì gan-an ṣiṣẹ́, ó sì wọ́n ju dátà lọ fíìfíì. Lọ sínú WhatsApp rẹ pẹ̀lú, kí o sọ fún un pé kó má máa fa fídíò wọlé fúnra rẹ̀. Àwọn ẹgbẹ́ aṣọ ẹbí tí o wọ̀ yẹn, fídíò òde wọn nìkan tó láti jẹ dátà ọ̀sẹ̀ kan.

Bí o bá ti yẹ gbogbo èyí wò tí owó kan ṣì wà tí kò ní àlàyé, ó yá. Pe 300. Bí wọ́n bá ní kí o yan èdè, yan Yorùbá, kí ọ̀rọ̀ má baà lọ́ mọ́ ọ lẹ́nu. Má pariwo mọ́ ọmọlọ́mọ tó gbé e, òṣìṣẹ́ lòun náà. Sọ pé: "Ẹ jọ̀ọ́, ní aago méjì òru àná, ẹ yọ 100 náírà lórí síìmù yìí fún iṣẹ́ tí n ò béèrè. Ẹ gé e kúrò, kí ẹ dá owó mi padà, kí ẹ sì fún mi ní nọ́ńbà ẹ̀sùn mi." Nọ́ńbà ẹ̀sùn yẹn ni kókó. Kọ ọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú orúkọ ẹni tó dá ọ lóhùn, ọjọ́ àti aago. Wọ́n lè fi orin dá ọ dúró títí. Mo rò pé ọ̀pọ̀ èèyàn ni orin yẹn ti lé lọ. Gbé e sórí sípíkà, kí o máa ṣa ẹ̀fọ́ rẹ lọ.

Bí wọn ò bá wá nǹkan ṣe sí i, pe 622. NCC ló ni ín, ọ̀fẹ́ ni. Ohun tí wọ́n máa kọ́kọ́ bi ọ́ ni bóyá o ti fẹjọ́ sun ilé iṣẹ́ náà, nọ́ńbà ẹ̀sùn rẹ á sì dáhùn fún ọ.

Èyí tí báńkì yọ owó rẹ̀ tí káàdì ò sì wọlé yàtọ̀. Ẹni tó gba owó lọ́wọ́ rẹ ni kí o kọ́kọ́ dì mú: báńkì rẹ, tàbí oní-POS. Má kúrò níwájú oní-POS láì gba rìsíìtì, kódà bí ó bá ní bébà òun ti tán. Ya àwòrán ojú ẹ̀rọ rẹ̀.

Jọ̀ọ́, má lọ kọ ẹ̀hónú rẹ sábẹ́ ohun tí ilé iṣẹ́ náà gbé sórí Facebook kí o sì fi nọ́ńbà rẹ síbẹ̀. Gbájúẹ̀ ló máa kọ́kọ́ pè ọ́, á pe ara rẹ̀ ní òṣìṣẹ́ wọn, á ní kí o ka nọ́ńbà tó wọlé sórí fóònù rẹ fún òun. Pa fóònù mọ́ ọn lẹ́nu.

Bí wọ́n bá sì gbà pé àwọn jẹ̀bi, wọ́n lè fi dátà ọlọ́jọ́ kan bẹ̀ ọ́. Dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn, kí o wá sọ fún wọn pé káàdì ni wọ́n yọ, káàdì ni kí wọ́n dá padà.