Ọ̀gá Ń Lọ, Ọ̀gá Ń Bọ̀, Èrò Ń Sá

Ní ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún ọdún 2027, gómìnà tuntun yóò gba ọ̀pá àṣẹ ní ìpínlẹ̀ Èkó. Ẹni yòówù kó jẹ́, yóò bá ohun tí gómìnà kankan kò bá nílẹ̀ rí lọ́jọ́ tó gorí àlééfà: ọkọ̀ ojú irin ìpínlẹ̀ tó ń gbé ará Èkó láàárọ̀ lálẹ́. Blue Line ń ná Marina sí Mile 2, Red Line ń ná Agbádó sí Oyíngbó. Kí ọjọ́ náà tó dé, mo ní ìkìlọ̀ kan tí mo fẹ́ kí gbogbo ẹni tí ọ̀rọ̀ kàn gbọ́. Ọkọ̀ tí ó gbà wá ní ohun tó lé ní ogún ọdún láti ní, a lè pa á láàárín sáà ìjọba kan ṣoṣo. Ìwé ìyọniníṣẹ́ àti ìwé ìyànnisípò la ó fi pa á.

Iléeṣẹ́ ọkọ̀ èrò tí ọ̀gá rẹ̀ ń yí padà ṣáá, tí ẹni tó ń lọ kò jíyìn, tí ẹni tó ń bọ̀ kò sì bèèrè, ti ń kú lọ kí ẹnikẹ́ni tó kéde àìsàn rẹ̀. Ọkọ̀ á ṣì máa rìn. Ọ̀dà ara rẹ̀ á ṣì máa dán. Àwọn èrò ló kọ́kọ́ máa ń mọ̀, torí àwọn ló ń dúró. Lónìí ọkọ̀ pẹ́ díẹ̀, lọ́la kò wá rárá, kò sì sẹ́ni tó bá wọn sọ̀rọ̀. Wọn kì í ṣe ìwọ́de. Wọ́n kàn ń padà sídìí dánfó ni, ní ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Ẹ wo Gúúsù Áfíríkà. PRASA ni orúkọ iléeṣẹ́ ìjọba tó ni ọkọ̀ ojú irin tó ń kó òṣìṣẹ́ àti mẹ̀kúnnù lọ síbi iṣẹ́ ní Johannesburg, Pretoria, Durban àti Cape Town. Ní nǹkan bí ọdún 2012 sí 2013, èrò tó ń gbé lọ́dún lé ní 500 mílíọ̀nù. Nígbà tí yóò fi di 2021 sí 2022, wọn kò tó 20 mílíọ̀nù mọ́. Àrùn Kòrónà lọ́wọ́ nínú rẹ̀, n kò jiyàn. Ṣùgbọ́n nǹkan ti ń bàjẹ́ níbẹ̀ fún ọdún mélòó kan kí Kòrónà tó dé.

Lucky Montana tó jẹ́ ọ̀gá àgbà fi ipò sílẹ̀ ní oṣù Keje ọdún 2015. Lóṣù tó tẹ̀ lé e, Thuli Madonsela, tí òfin fi ṣe olùgbèjà aráàlú nígbà náà, gbé àbájáde ìwádìí kan síta tó fi hàn pé wọ́n ń pín iṣẹ́ àgbàṣe níbẹ̀ láìka ìlànà sí. Ohun tó yẹ kó tẹ̀ lé ìwádìí bẹ́ẹ̀ ni kí wọ́n wá ọ̀gá tó mọ iṣẹ́, kí wọ́n fún un ní àkókò, kí ó sì tún ilé ṣe. Ṣùgbọ́n adelé ni wọ́n ń fi síbẹ̀, adelé sì ń gba ipò lọ́wọ́ adelé. Collins Letsoalo dé ní 2016, wọ́n ti yọ ọ́ ní ìbẹ̀rẹ̀ 2017 nítorí awuyewuye lórí owó oṣù rẹ̀. Kò pẹ́ tí mínísítà fi tú ìgbìmọ̀ olùdarí ká, ilé ẹjọ́ sì dá wọn padà. Àwọn adelé míì tún jẹ. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2019, mínísítà mìíràn, Fikile Mbalula, tú ìgbìmọ̀ tó bá níbẹ̀ ká, ó sì fi alábòójútó kan ṣoṣo rọ́pò gbogbo wọn. Ní oṣù Kẹta ọdún 2021, wọ́n wá yan ọ̀gá tí kì í ṣe adelé, Zolani Matthews. Ọdún náà kò parí tí wọ́n fi lé e, wọ́n ní kò sọ fún wọn pé òun tún jẹ́ ọmọ ìlú Gẹ̀ẹ́sì. Gbogbo èyí kò tó ọdún méje.

Ẹnìkan lè dá mi lóhùn pé ìgbà tí ọ̀gá kan ṣoṣo jókòó pẹ́ ni ohun tó burú jù ṣẹlẹ̀. Òótọ́ ni, mi ò sì ní fi pamọ́. Ní 2013, nígbà tí Montana ṣì wà nípò, PRASA fọwọ́ sí àdéhùn láti ra ẹ́ńjìnnì reluwé 70 ní bílíọ̀nù 3.5 owó ráǹdì. Mẹ́tàlá péré ló dé láti ilẹ̀ Sípéènì, wọ́n sì ga ju bí ojú irin ibẹ̀ ṣe lè gbà wọ́n lọ. Ẹnjiníà àgbà tó wà nídìí ọ̀rọ̀ náà ń pe ara rẹ̀ ní dókítà, bẹ́ẹ̀ kò gba oyè náà níbì kankan. Nítorí náà, n kò sọ pé kí a fi ẹnikẹ́ni jẹ oyè ìdílé. Ọ̀gá tó bá jalè, tó bá purọ́, tàbí tí kò mọ iṣẹ́, kí wọ́n yọ ọ́ ní gbangba, kí wọ́n sọ ìdí rẹ̀, kí wọ́n sì gbé e lọ sílé ẹjọ́ bó bá yẹ.

Ṣùgbọ́n ẹ wo ọjọ́ tó wà láàárín. Ọdún 2015 ni àṣírí dókítà ayédèrú yìí tú. Ọdún 2025 ni ilé ẹjọ́ tó rán an lọ sí ẹ̀wọ̀n ọdún 15. Odindi ọdún mẹ́wàá! Adelé tí kò mọ̀ bóyá òun á gba owó oṣù tó ń bọ̀, ṣé òun ló máa jókòó ka fáìlì ọdún mẹ́ta sẹ́yìn? Ṣé òun ló máa bá àwọn alágbàṣe tó lówó tó sì lẹ́nu nílùú fa wàhálà? Àwọn tó jẹ owó náà kò nílò láti bá a jà. Wọ́n kàn ní láti dúró kó lọ ni.

Ti Cape Town ló dùn mí jù. Ojú irin kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Central Line, tó so Khayelitsha àti Mitchells Plain mọ́ àárín ìlú. Àwọn àdúgbò yìí ni ìjọba ẹlẹ́yàmẹ̀yà lé àwọn aláwọ̀ dúdú àti àwọn tí wọ́n ń pè ní Coloured sí, kí wọ́n lè jìnnà sí àwọn aláwọ̀ funfun. Ọkọ̀ ojú irin yìí ni owó rẹ̀ fara rọ fún wọn jù. Ní ìparí 2019, àdéhùn àwọn ẹ̀ṣọ́ tó ń ṣọ́ ojú irin parí, kò sì sí ètò gidi tó rọ́pò wọn kíákíá. Oṣù Kẹta 2020 dé, òfin kónílé-ó-gbélé dé, gbogbo ọkọ̀ ojú irin dúró. Àwọn olè gé wáyà bàbà tó ń gbé iná wá, wọ́n tú òrùlé àti ilẹ̀kùn ibùdókọ̀ lọ. Lẹ́yìn náà, àwọn tí kò nílé lórí bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ àgọ́ páànù sórí ojú irin gan-an ní Langa àti Philippi. Orí irin! Ẹni tó bá kọ́lé sórí irin, ó ti dá a lójú pé ọkọ̀ kankan kò ní kọjá níbẹ̀ mọ́. Bí ẹ bá ń bèèrè bí aráàlú ṣe gba iléeṣẹ́ yẹn gbọ́ tó, ìdáhùn rẹ̀ nìyẹn. Òṣìṣẹ́ tó ń wọ reluwé tẹ́lẹ̀ wá ń fi owó tó pọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ wọ bọ́ọ̀sì kékeré, owó oúnjẹ ọmọ rẹ̀ ló sì ti ń yọ ọ́.

Lẹ́yìn tí Hishaam Emeran di ọ̀gá tí kì í ṣe adelé ní 2023, èrò ti ń padà díẹ̀díẹ̀, ọkọ̀ sì ti padà sórí Central Line. Síbẹ̀, ó ṣì jìnnà gan-an sí 500 mílíọ̀nù. Ohun tí wọ́n fi ọdún mélòó kan bàjẹ́, wọ́n ṣì ń tún un ṣe.

Kí ọmọ Èkó tó ń ka èyí má sọ pé ọ̀rọ̀ àwọn ará òkèèrè ni. Ìṣàkóso Lateef Jákàńdè ló bẹ̀rẹ̀ ètò ọkọ̀ ojú irin Metroline fún Èkó. Sójà gbàjọba ní òpin 1983, ìjọba ológun Buhari sì fagi lé e ní 1985. Ohun tó lé ní 78 mílíọ̀nù dọ́là ni Èkó pàdánù sí i. Ẹni tí wọ́n bí lọ́dún yẹn ti pé ọmọ ọdún 38 kí èrò àkọ́kọ́ tó sanwó wọ Blue Line ní ọjọ́ 4 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2023. Iléeṣẹ́ reluwé ìjọba àpapọ̀ náà ní ìtàn tirẹ̀. Láti 1979 dé 1982, àwọn ará Íńdíà láti iléeṣẹ́ RITES ló ń bá wa darí rẹ̀, iṣẹ́ sì gbé pẹ́ẹ́lí díẹ̀. Wọ́n lọ, ìmọ̀ bá wọn lọ. Nígbà tó di 1988, iléeṣẹ́ náà kéde pé òun ti wọko gbèsè, reluwé kò sì rìn fún oṣù mẹ́fà.

Ti bọ́ọ̀sì kò jìnnà sí wa rárá. Ìjọba Akínwùnmí Ambọ̀dé ra bọ́ọ̀sì 820. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kò tíì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ nígbà tí sáà rẹ̀ parí ní 2019, ọ̀rọ̀ wọn sì di ìwádìí nílé ìgbìmọ̀ aṣòfin. N kò dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi nínú èyí. Mo kàn ń wo ìyá tó ń tò fún bọ́ọ̀sì láàárọ̀ kùtùkùtù: lójú tirẹ̀, gómìnà lọ, bọ́ọ̀sì sì wà nílẹ̀ tí kò gbé e.

Èkó ní àpẹẹrẹ rere, kí a sọ ọ́ pẹ̀lú. Òfin ló dá LAMATA, iléeṣẹ́ ìjọba Èkó tó ń bójú tó ètò ìrìnnà, sílẹ̀ ní 2002. Dayọ̀ Mobéréọlá tó kọ́kọ́ darí rẹ̀ lo ju ọdún mẹ́wàá lọ, àwọn tó sì ti jẹ ọ̀gá níbẹ̀ láti ìgbà náà kò pọ̀. Abẹ́ irú ìdúróṣinṣin yẹn ni bọ́ọ̀sì BRT ti bẹ̀rẹ̀ láti Mile 12 sí CMS ní oṣù Kẹta 2008. Òun náà ló jẹ́ kí Blue Line la ìjọba Fáṣọlá kọjá, kó la ti Ambọ̀dé kọjá, kó tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lábẹ́ Sanwó-Olú. Gómìnà mẹ́ta ni, ṣùgbọ́n iléeṣẹ́ kan náà ló mú fáìlì rẹ̀ lọ́wọ́. Ohun tí a rí jẹ nìyẹn. Ohun tí mò ń bẹ̀rù ni pé ẹni tó bá dé ní 2027 lè wo àga ọ̀gá LAMATA bí ẹ̀bùn tí òun fẹ́ fi san gbèsè ìdìbò.

Bó bá ṣe bẹ́ẹ̀, ẹ má retí pé ọkọ̀ yóò dúró lọ́jọ́ kejì. Iṣẹ́ àtúnṣe ló kọ́kọ́ máa ń jìyà, torí kò sí rìbọ́ọ̀nù tí a ń gé lórí rẹ̀, kò sì sí oníròyìn tó ń ya fọ́tò ẹni tó pààrọ̀ bíréèkì. Ọ̀gá tuntun á fẹ́ ohun tuntun tí orúkọ rẹ̀ á wà lára rẹ̀. Àwọn ẹnjiníà tó mọ ohùn ọkọ̀ á wáṣẹ́ síbòmíràn. Àwọn tó kù á kọ́ ọgbọ́n pé kí àwọn má fọwọ́ sí nǹkan kan títí ọ̀gá yìí náà á fi lọ. Lẹ́yìn ọdún kejì tàbí ìkẹta, ọkọ̀ kan á dákú lórí afárá.

Owó èrò sì wà lọ́wọ́ iléeṣẹ́ ọkọ̀ ná. Káàdì Cowry tó wà lápò aráàlú, owó tó ti san sílẹ̀ fún ọkọ̀ tí kò tíì wọ̀ ló wà nínú rẹ̀. Mo ka ìyẹn sí ohun ńlá ní ìlú tí a kì í ti í sanwó fún kọ̀ńdọ́ títí ọkọ̀ fi máa gbéra dáadáa. Aráàlú ti fún iléeṣẹ́ náà ní ohun tí wọn kì í fún dánfó. Ẹni tó bá fi ìyẹn ṣeré ń fi ohun tí owó kò lè rà padà ṣeré.

Ẹ̀yin aṣòfin Èkó, ọwọ́ yín ló kù sí. Kí òfin sọ iye ọdún tí ọ̀gá àgbà gbogbo iléeṣẹ́ ọkọ̀ ìjọba yóò lò, kí sáà náà má ṣe bá ti gómìnà dọ́gba, kó sì sọ ẹ̀ṣẹ̀ tí a fi lè yọ ọ́. Bí ó bá ti wà nínú òfin, ẹ jẹ́ kí wọ́n tẹ̀ lé e. Adelé kankan kò gbọdọ̀ ju oṣù mẹ́fà lọ. Ẹni tó ń lọ gbọ́dọ̀ fi àkọsílẹ̀ ipò tí ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan wà sílẹ̀, kí aráàlú lè kà á. Lóṣooṣù, kí iléeṣẹ́ sọ iye ọkọ̀ tó dé lásìkò àti iye tí kò dé.

Ẹ̀yin èrò, ìdìbò ń bọ̀, àwọn olùdíje á sì wá sí àdúgbò yín. Ẹ má bi wọ́n léèrè iye ọkọ̀ tuntun tí wọ́n máa rà. Ẹ bi wọ́n pé ta ló máa bójú tó èyí tó wà nílẹ̀, ọdún mélòó ló máa lò níbẹ̀, àti pé ta ló lè yọ ọ́. Ẹni tí kò bá rí èsì fọ̀ sí i, ẹ má dìbò fún un.