Ṣé oníbàárà ni akẹ́kọ̀ọ́? Ọ̀rọ̀ àánú nínú kíláàsì yunifásítì

Ẹ jẹ́ ká tibi owó bẹ̀rẹ̀. Ní 1998, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gba owó ilé-ẹ̀kọ́ lọ́wọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó lè tó £1,000 lọ́dún. Nígbà tó fi máa di 2012, ó ti lè tó £9,000. Láti 2005 ni wọ́n sì ti ń bi àwọn tó ń parí ẹ̀kọ́ wọn léèrè lọ́dọọdún ohun tí wọ́n rò nípa ẹ̀kọ́ náà. Díẹ̀díẹ̀, akẹ́kọ̀ọ́ di oníbàárà, olùkọ́ di ọlọ́jà. Kì í ṣe pé ìyẹn burú tán o, oníbàárà ṣáà lè pariwo tí wọ́n bá rẹ́ ẹ jẹ. Àmọ́ kéèyàn tẹ́ oníbàárà lọ́rùn yàtọ̀ sí kó ṣàánú rẹ̀.

Kí wá ni àánú? Paul Gilbert, ará Gẹ̀ẹ́sì tó jẹ́ onímọ̀ nípa ìrònú àti ìhùwàsí ẹ̀dá, rí apá méjì nínú ẹ̀: kéèyàn kíyè sí ìyà tó ń jẹ ẹlòmíì tàbí òun fúnra ẹ̀, kó sì múra láti dín in kù. Àwa Yorùbá mọ “pẹ̀lẹ́” í sọ dáadáa. Ẹni tó kọsẹ̀, pẹ̀lẹ́. Ẹni tó ru ẹrù wúwo, pẹ̀lẹ́. Tá a bá fi ìwọ̀n Gilbert wọ̀n ọ́n, ẹni tó sọ pẹ̀lẹ́ tí kò bá wọn sọ ẹrù, ìdajì ló ṣe.

Gilbert míì tún wà, Theo Gilbert ti University of Hertfordshire. Kíláàsì ìjíròrò lòun gbájú mọ́. Ẹ mọ bó ṣe máa ń rí: ẹnì kan á gba ọ̀rọ̀ sọ láìsinmi, gbogbo ojú á lẹ̀ mọ́ ọn, àwọn méjì á dákẹ́ títí àkókò á fi tán. Ó ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ pé kí wọ́n kíyè sí ibi tí ojú ń lọ. Kí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ pín ojú ẹ̀ yí ẹgbẹ́ ká. Kí wọ́n rọra fa ẹni tó dákẹ́ wọ inú ọ̀rọ̀, láìdójú ti ẹni tó ń sọ̀rọ̀ jù. Máàkì tiẹ̀ wà fún un! Ìyẹn ló dùn mọ́ mi jù: àánú di ohun téèyàn ń kọ́, bíi lílo máíkírósíkóòpù. Ó sì wúlò fún ẹ̀kọ́ gan-an, torí ẹ̀rù máa ń gba lára àyè kékeré tí ọpọlọ fi ń di èrò mú lọ́wọ́.

Àmọ́ irú àkíyèsí bẹ́ẹ̀ ń jẹ àkókò. Nínú èèyàn mẹ́wàá, olùkọ́ á mọ ẹni tó dákẹ́. Nínú 300 ńkọ́? Orí kọ̀ọ̀kan tó wọlé sì rèé, owó ni.

Ọ̀rọ̀ yìí ti kan àwọn tiwa náà. Lẹ́yìn tí náírà já wálẹ̀ ní 2023, owó tí àwọn ọmọ Nàìjíríà kan ní Teesside University ti tọ́jú ò tó mọ́. Ní May 2024, BBC ròyìn pé wọ́n yọ àwọn kan kúrò lẹ́nu ẹ̀kọ́ torí wọn ò tètè sanwó, wọ́n sì ní kí wọ́n kúrò nílùú. Àlàyé yunifásítì ni pé àìsanwó lòdì sí òfin físà, pé dandan ni káwọn sọ fún ìjọba.

Olùkọ́ tó bá rí i pé irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ò sùn lè sún ọjọ́ iṣẹ́ síwájú fún un. Iye ìgbà tó máa fi san owó ẹ̀ ńkọ́? Ọ́fíìsì tó ń gbowó ló ni ìyẹn, kò sì sẹ́ni tó ń fún ọ́fíìsì yẹn ní máàkì àánú.