Ẹ̀KỌ́ KẸRÌNLÁ: Àríkẹ́ Ògúnbọ̀wálé

Ẹ̀yin ọmọ, ẹ wo orúkọ òkè yìí. Ẹ ó rò pé ọmọ àdúgbò wa ni. Ṣùgbọ́n ìlú Milwaukee ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni wọ́n bí i sí ní ọdún 1997. Ọmọ Nàìjíríà ni bàbá rẹ̀, ọmọ Amẹ́ríkà sì ni ìyá rẹ̀. Ní ọdún 1997 yìí kan náà ni àwọn obìnrin bẹ̀rẹ̀ ìdíje WNBA, níbi tí wọ́n ti ń fi bọ́ọ̀lù aláfọwọ́jùsáwọ̀n ṣe iṣẹ́ òòjọ́.

Ènìyàn márùn-ún ni ó máa ń wà lórí pápá nínú ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan. Wọn a máa fi ọwọ́ gbá bọ́ọ̀lù mọ́lẹ̀ bí wọ́n ti ń sáré, wọn a sì jù ú sínú àwọ̀n tí ó wà lára irin róbótó kan. Irin náà ga ní ẹsẹ̀ bàtà 10. Bọ́ọ̀lù tí a jù láti ìtòsí ń mú àmì 2 wá. Èyí tí a jù láti ẹ̀yìn ìlà ọ̀nà jíjìn ń mú 3 wá. Bí alátakò bá ṣẹ ènìyàn, rẹfirí lè ní kí ó dá jù ú láìsí ìdíwọ́. Àmì 1 ni ìyẹn.

Yunifásítì Notre Dame ni Àríkẹ́ wà ní ọdún 2018 nígbà tí wọ́n pàdé Connecticut, ẹgbẹ́ tí ẹnikẹ́ni kò tíì borí ní sáà náà. Wọ́n gbá ọ̀mì, a sì fi ìṣẹ́jú 5 kún un. Nígbà tí ó ku ìṣẹ́jú-àáyá 1 péré, Àríkẹ́ jù ú wọlé: 91 sí 89!

Lẹ́yìn ọjọ́ méjì, ní ọjọ́ Àjíǹde, wọ́n bá Mississippi State pàdé nínú àṣekágbá. Mississippi State ti fi àmì 15 ṣáájú wọn rí, síbẹ̀ wọ́n lé wọn bá, ó di 58 sí 58. Àríkẹ́ gba bọ́ọ̀lù, ó fò sókè láti ẹ̀yìn ìlà jíjìn, ó jù ú. Ó wọlé! Ìdá kan nínú mẹ́wàá ìṣẹ́jú-àáyá ni ó kù. Ẹ ṣẹ́jú lẹ́ẹ̀kan péré, irú àkókò bẹ́ẹ̀ ti lọ.

Ní ọdún 2019, ẹgbẹ́ Baylor ni wọ́n bá pàdé nínú àṣekágbá. Àmì 31 ni Àríkẹ́ nìkan jẹ lọ́jọ́ náà. Ìṣẹ́jú-àáyá díẹ̀ ni ó kù, Baylor ní 82, Notre Dame ní 80, ni rẹfirí bá fún Àríkẹ́ ní bọ́ọ̀lù 2 láti dá jù. Èkíní kò wọlé. Ó wá fẹ́ kí èkejì ta padà, kí ẹnìkejì rẹ̀ lè gbà á, kí ó sì jù ú. Àṣé wíwọlé ni yóò wọlé! 82 sí 81. Baylor ni ó gba ife.

Ní oṣù yẹn náà, ẹgbẹ́ Dallas Wings mú un, òun sì ni ẹnìkarùn-ún tí a mú nínú gbogbo àwọn tuntun. Ní ọdún 2020, kò sí ẹni tí ó jẹ àmì tó o nínú WNBA: 22.8 nínú ìdíje kan, bí a bá pín in dọ́gba.

Ní ọdún 2021, kò sí nínú ẹgbẹ́ Amẹ́ríkà tí ó ń lọ sí Òlíńpíìkì. Àwọn àṣàyàn WNBA bá ẹgbẹ́ náà gbá a, wọ́n sì nà wọ́n. Àmì 26 ni ó jẹ, òun ni wọ́n sì yàn ní ẹni tó gbá a jù. Ní ọdún 2024, irú ìdíje yìí tún wáyé. Ní ìlàjì àkọ́kọ́, Àríkẹ́ kò jẹ àmì kankan. Ní ìlàjì kejì, ó jẹ 34.

ÌBÉÈRÈ
1. Irú orúkọ wo ni Àríkẹ́? Dárúkọ méjì mìíràn tí ó jọ ọ́.
2. Kí ni ìtumọ̀ Ògúnbọ̀wálé?
3. Kí ni ì bá ṣẹlẹ̀ bí bọ́ọ̀lù méjèèjì bá wọlé ní ọdún 2019?