Ka Á Sókè Kí A Gbọ́: Ẹ̀kọ́ Lórí Àṣìṣe Ọmọ Kéú

Ẹ̀yin ọmọ kéú wa, ẹ̀yin òbí, àti ẹ̀yin jàmáà mọ́ṣáláṣí, ọ̀rọ̀ àṣìṣe ni a fẹ́ bá yín sọ.

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti orí ahọ́n wa. Èdè Yorùbá kò ní lẹ́tà “qaaf”, kò sì ní “'ayn”. Nígbà tí àwọn baba wa yá ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ Lárúbáwá, ahọ́n Yorùbá ni wọ́n fi gbà á: “waqt” di wákàtí, “al-'aafiya” di àlàáfíà. Kò sí ẹ̀ṣẹ̀ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n bí a bá gbé ahọ́n kan náà wọ inú Àlùkùránì, ọ̀rọ̀ yí padà. “Qalb” ni ọkàn. Ẹni tó bá pè é ní “kalb” ti dárúkọ ajá. “Qul” ni kí o sọ. Bí qaaf rẹ̀ bá di kaaf, ó di kí o jẹun. Bí a bá gbé 'ayn jù sílẹ̀ nínú “'aliim”, ìyẹn Onímọ̀, ohun tó kù lẹ́nu wa ni “aliim”, ìyẹn ohun tó ń ta ni lára.

Èyí tó burú jù wà nínú Fátíhà, tí a ń kà ní rákà 17 lójoojúmọ́ nínú ìrun ọ̀ranyàn nìkan. Níbi tí a ti ń sọ̀rọ̀ àwọn tí Ọlọ́hun ṣe ìdẹ̀ra fún, “an'amta” ni; “ta” yẹn ni ó tọ́ka sí Ọlọ́hun. Ẹni tó bá kà á ní “an'amtu” ti sọ pé òun alára ni òun ṣe ìdẹ̀ra náà. Àmì kan ṣoṣo ni, ó sì ti sọ ẹrú di olúwa. Àwọn onímọ̀ Tajwiid ń pe irú èyí ní àṣìṣe tó hàn gbangba. Wọ́n yà á sọ́tọ̀ kúrò lára èyí tó fara sin, tí ó jẹ́ pé etí olùkọ́ ló máa ń mú un.

Báwo ni irú àṣìṣe bẹ́ẹ̀ ṣe ń pẹ́ lẹ́nu ènìyàn fún ogún ọdún? Ọmọ tó bá ń bẹ̀rù pàṣán yóò máa kùn níbi tí kò bá ti dá a lójú. Láàárín ogójì ọmọ tó ń ké pọ̀, ta ni yóò gbọ́ ọ? Olóògbé Sheikh Adam Abdullah al-Ilori, tó dá Markaz sílẹ̀ ní Abẹ́òkúta ní 1952, tó sì gbé e lọ sí Agége ní 1955, kó àwọn ọmọ kéú sórí bẹ́ńṣì nínú kíláàsì, pẹ̀lú pátákó ìkọ̀wé àti ìdánwò. Inú àwọn aláfáà kan kò dùn sí i nígbà náà. Ṣùgbọ́n ìdánwò ń mú kí ọmọ dá dúró, kí ohùn rẹ̀ nìkan jáde, kí àṣìṣe rẹ̀ sì bá a jáde.

Ẹ̀yin òbí tó ń ta obì ní Ṣàgámù mọ ohun tí a ń wí. Ẹ kì í fi ewé bo obì tí kòkòrò ti wọ̀, nítorí kí agbọ̀n náà tó dé Òkè Ọya, yóò ti ran èyí tó dára. Ṣíṣà ni ẹ ń ṣà á kúrò. Kí ló wá dé tó jẹ́ pé bí a bá ní kí ọmọ yín dúró di ọdún tó ń bọ̀ kó tó ṣe wòlímọ̀, nítorí ẹnu rẹ̀ kò tíì dúró, inú ń bí yín? Aṣọ ti wà lọ́dọ̀ télọ̀, a mọ̀. Aṣọ kò ní gbó nínú àpótí láàárín ọdún kan.

Ìtàn kan wà tí a fẹ́ kí gbogbo ọmọ kéú mọ̀ sórí. Abu Hurayra ló gbà á wá, ó wà nínú ìwé Bukhari àti ti Muslim. Ànábì kírun kan ní ọ̀sán pẹ̀lú àwọn Sàhábè, Àìlà tàbí Alásárì, ó kí rákà méjì, ó sì parí ìrun. Ó dìde, ó lọ fara ti igi kan nínú mọ́ṣáláṣí. Abu Bakr wà níbẹ̀, Umar wà níbẹ̀, ọ̀wọ̀ kò jẹ́ kí wọ́n lè sọ̀rọ̀. Ọkùnrin kan tí wọ́n ń pè ní Dhul-Yadayn, ìyẹn Ọlọ́wọ́ Méjì, ló béèrè bóyá wọ́n ti dín ìrun kù ni, tàbí Ojiṣẹ́ Ọlọ́hun gbàgbé. Ànábì ní kò sí èyí tó ṣẹlẹ̀ nínú méjèèjì. Síbẹ̀ kò jágbe mọ́ ọn. Ó bi àwọn yòókù, wọ́n ní òótọ́ ló sọ. Ó padà, ó kí èyí tó kù, ó sì fọríkanlẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì fún ìgbàgbé. (Ìgbàgbé kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀ o, kí ẹnikẹ́ni má ṣì wá gbọ́.) Ọ̀pọ̀ òfin ìrun ni àwọn onímọ̀ yọ nínú ọ̀rọ̀ ọjọ́ yẹn, ẹnu ẹni tí kò dákẹ́ ló sì ti bẹ̀rẹ̀.

Ọkùnrin mìíràn sáré kírun, ó wá kí Ànábì. Ó dá a lóhùn, ó ní kí ó padà lọ kírun, nítorí kò tíì kírun. Ìgbà mẹ́ta ni èyí ṣẹlẹ̀ kí ọkùnrin náà tó jẹ́wọ́ pé òun kò mọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ, kí Ànábì kọ́ òun. Ìgbà náà ni ó tó kọ́ ọ.

Ó ku ẹ̀yin àgbà tó ti ń kírun láti ọgbọ̀n ọdún, tí ojú ń tì láti jókòó níwájú aláfáà tó kéré sí yín. Hádíìsì tí Aisha gbà wá fi yé wa pé ẹni tó ń ka Àlùkùránì tó ń kọsẹ̀, tó sì ṣòro fún un, ẹ̀san méjì ni tirẹ̀. Ẹ mú Fátíhà nìkan. Ẹ kà á fún olùkọ́ ní ẹsẹ kọ̀ọ̀kan, kí ó dá yín dúró níbi tó bá yẹ. Àárín ọ̀nà ọ̀fun ni 'ayn ti ń jáde. Ìdí ahọ́n lọ́hùn-ún ni qaaf wà, kaaf wà níwájú rẹ̀ díẹ̀. Ẹ máa pe “qalb” àti “kalb” tẹ̀lé ara wọn, títí etí yín yóò fi mọ ìyàtọ̀ kí ẹnu tó lè ṣe é. Ọmọ yín tó ń wá sí ilé kéú ní ìrọ̀lẹ́ lè kọ́kọ́ gbọ́ ọ lẹ́nu yín nílé.